Ọjọ́ Mẹ́rin Lábẹ́ Òkúta

Àǹtí Fọlákẹ́mi gbọ́ ohùn kan nínú fóònù
lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, n'Íjẹ̀bú-Igbó,
nígbà tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ.
Ohùn ọkùnrin ni, ó dùn bí oyin inú afárá:
“Ẹ̀yin ìyá, ohun tí ẹ ò bá lè pe orúkọ rẹ̀,
ẹ má jẹ́ kó wọ ìkòkò yín.”

Kílẹ̀ tó mọ́, ó ti da páálí magí méjì sí ààtàn.
Ajinomótò tẹ̀ lé e.
Tìmáàtì inú agolo, mílíìkì,
títí kan iyọ̀ tí wọ́n kọ àyọ́dìn sí lára,
àyọ́dìn tí wọ́n fi sí i
kí gẹ̀gẹ̀ má baà yọ lọ́rùn àwọn ọmọ wa.
Adìyẹ Bàbá Ṣóyòyè ló ṣa magí yẹn jẹ.
Mo ń ṣọ́ adìyẹ náà.
Ó yé ẹyin lọ́jọ́ kẹta.

Èmi kì í ṣe dókítà.
Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi fọ ìgò
ní yàrá àyẹ̀wò l'Ágọ̀-Ìwòyè.
Mo mọ àwọn orúkọ gígùn ara ìgò,
mo sì mọ̀ pé gígùn orúkọ kọ́ ni ìkà rẹ̀.
Tèmi náà gùn: Olúwaṣèyífúnmitán Ọ̀nàfowókàn.
Ẹ pè é wò. Ṣé ó pa yín?

Mo ní, “Àǹtí, irú tẹ́ ẹ fi ń se ìkọ́kọrẹ́,
adùn inú ajinomótò náà ló wà nínú rẹ̀.
Omi gan-an, kẹ́míkà ni.
Ìwọ̀n ni ká bi í.”
Ó wò mí látòkè délẹ̀.
Ó ní, “Èló ni wọ́n fún ọ?”

Ẹnu mi wọ inú.
Nítorí kì í ṣe pé kò sí ohun tó yẹ ká bẹ̀rù.
Brómétì wà, tíjọba ti fòfin dè,
tí aláìláàánú ṣì lè fi wú búrẹ́dì.
Àró pupa wà, tó ń sá pamọ́ sínú epo.
Oògùn kòkòrò wà, tí wọ́n ń wọ́n sórí ẹ̀wà.
Ìwọ̀nyẹn kì í kọ orúkọ sára páálí.
Ẹni tó jẹ́wọ́ orúkọ là ń lù,
olè ń bá wa pariwo “Ẹ mú un!”

Ohùn inú fóònù náà ń ta ìyẹ̀fun afọnù,
ẹgbẹ̀rún méje àbọ̀ ike kan.
Mo yí ike náà po. Mo yí i po lẹ́ẹ̀kan sí i.
Ewé ni wọ́n yà sí i lára.
Ewé nìkan.

Lọ́jọ́ Ẹtì, oníbàárà kan láti Ṣàgámù ń kánjú.
Àǹtí tú àpò ẹ̀gẹ́ ní ọjọ́ kejì,
ó yan án wàràwàrà, ó ṣẹ́ èyí tó kù sílé.
Ìbídùn, ọmọ ọmọ rẹ̀, rẹ ẹ́ kún abọ́, ó mu ún tán.
Kó tó di ìrọ̀lẹ́, òyì ń kọ́ ọmọ, ó ń bì.
Nọ́ọ̀sì gbóòórùn gàrí tó kù nísàlẹ̀ abọ́.
Ó ní, “Èyí ò kan rárá.”

Ẹ̀gẹ́ oko wa ni o.
A ò fọ́n nǹkan kan sí i.
Àwọn ìyá wa tí ò mọ orúkọ oró inú rẹ̀
mọ iye ọjọ́ tó ń gbà kó tó jáde.
Ta ló kọ́ wọn? Wọ́n dán an wò,
wọ́n kà á, wọ́n sì rántí.

Ara ọmọ ti yá.
Lánàá mo yà níbẹ̀. Fóònù ṣì ń sọ̀rọ̀ lórí àpótí,
ohùn oyin yẹn náà ni,
Àǹtí sì ń mi orí sí i, “Òótọ́ ni, òótọ́ ni,”
bó ṣe ń gbé òkúta kan sí i lórí àpò.
Mo ní ọjọ́ kelòó rèé?
Ó ní, “Ìkẹta. Má fọwọ́ kàn án.”